Òórùn Inú Àpótí

Mo gba àyè lọ́wọ́ ìyá ọmọ kí n tó kọ èyí. Ó ní kí n kọ ọ́, kí n ṣáà má dárúkọ ẹnikẹ́ni. Nítorí náà ẹ ò ní rí orúkọ ọmọ, ẹ ò ní rí orúkọ ilé ìwòsàn wa. Dókítà náà gan-an, orúkọ tí àwọn ìyá ọlọ́mọ sọ ọ́ ni màá máa pè é: Dókítà Pẹ̀lẹ́.

"Pẹ̀lẹ́" ni ọ̀rọ̀ tó kọ́kọ́ gbọ́ nínú èdè wa, kò sì sí ibi tí kì í lò ó. Bó bá gún ọmọ lábẹ́rẹ́, pẹ̀lẹ́. Bó bá pàdé ẹni tó ń jẹun, pẹ̀lẹ́. Bí ẹlẹ́kọ bá fún un ní ṣéńjì, pẹ̀lẹ́.

Jámánì ló ti wá. Dókítà ọmọdé ni, ó lé díẹ̀ ní ọgbọ̀n ọdún, ọdún kan ló sì fẹ́ lò lọ́dọ̀ wa láìgba owó oṣù. Àwọn tó rán an san owó ọkọ̀ òfúrufú, ilé ìwòsàn fún un ní yàrá kan lẹ́yìn ọgbà. Ó ní láti gba ìwé àṣẹ onígbà díẹ̀ lọ́dọ̀ MDCN, ìgbìmọ̀ tó ń ṣàkóso àwọn dókítà ní Nàìjíríà, kó tó lè fọwọ́ kan aláìsàn. Òyìnbó oníṣègùn kì í ṣe ohun tuntun ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ọdún 1907 ni Dókítà George Green ti dé síbí pẹ̀lú àwọn Onítẹ̀bọmi, nítorí náà kò sẹ́ni tó ń dúró wo Dókítà Pẹ̀lẹ́ ní Tákìé. Oúnjẹ rẹ̀ ni wọ́n ń wò. Ògbómọ̀ṣọ́ ajílété, níbi tí wọ́n gbé ń jẹ ọkà kí wọ́n tó mu ẹ̀kọ: kò tíì lo oṣù mẹ́ta tó ti ń jẹ àmàlà láago méje àárọ̀, tí òógùn á bò ó, tí kò sì ní dẹwọ́.

Nọ́ọ̀sì ni mí. Ọdún kẹtàlá mi nìyí nínú wọ́ọ̀dù ìkókó. Èmi náà ni ògbufọ̀ rẹ̀, ibẹ̀ sì ni ọ̀rọ̀ yìí ti kàn mí.

Ọjọ́ kẹrin

Oṣù kìíní ọdún ni, ọyẹ́ ń jà. Lọ́jọ́ Ajé, wọ́n gbé ọmọkùnrin kan wá láti apá Ìsàlẹ̀ Àfọ́n. Ọjọ́ Ẹtì tó ṣáájú ni wọ́n bí i ní ilé ìgbẹ̀bí kan. Oṣù rẹ̀ pé, ó wọn kílò 3.1, ó ké dáadáa nígbà tó wáyé, wọ́n sì dá ìyá àtọmọ sílẹ̀ lọ́jọ́ kejì. Òun ni ìyá rẹ̀ bí ṣe èkejì. Láti òru àná ni kò ti mu ọmú mọ́, tó kàn ń sùn.

Ìyá àgbà, ìyá bàbá ọmọ, ló gbé e dání. Kò tíì sẹ́ni tó bi í ní nǹkan tó fi ní, "Ọmọ wa, pupa ni o. Bàbá tó bí bàbá ẹ̀, pupa ni. Ọ̀rọ̀ àwọ̀ kọ́ ló gbé wa wá, ọmú tí kò mu ni."

Èdè wa náà dá kún un. Ẹni tí àwọ̀ rẹ̀ mọ́, pupa là ń pè é. Ojú tó ti dà bí inú ẹyin adìẹ, pípọ́n náà la ní ó pọ́n. Gbogbo wa la mọ ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀ lára àgbà. Tìkókó ló máa ń fara pamọ́ sábẹ́ "ọmọ wa, pupa ni". Dókítà gbé ọmọ lọ sójú fèrèsé, ó fi àtàǹpàkò tẹ ṣóńṣó imú rẹ̀, ó gbé ọwọ́ kúrò. Kí ẹ̀jẹ̀ tó padà síbẹ̀, ojú ibi tó tẹ̀ pọ́n bí ata ilẹ̀ pupa. Ó wo ẹ̀rìgì, ó wo ẹyin ojú, ó tẹ àyà, ó tẹ ikùn, ó tẹ àtẹ́lẹsẹ̀. Ó ti pọ́n dé àtẹ́lẹsẹ̀.

Bílírúbìn rẹ̀ jẹ́ 19.4. Ẹ jẹ́ kí n tú u. Bí ẹ̀jẹ̀ bá gbó, ó máa ń fọ́, ohun tó bá ṣẹ́kù lára rẹ̀ ni nǹkan pupa rúsúrúsú yìí, ẹ̀dọ̀ ló sì ń palẹ̀ rẹ̀ mọ́. Ẹ̀dọ̀ ìkókó kò tíì mọ iṣẹ́ náà dájú, ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ ìkókó fi máa ń pọ́n díẹ̀ lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, tí ó sì ń lọ fúnra rẹ̀. Àmọ́ tó bá pọ̀ jù, á wọ inú ọpọlọ. Ọmọ mìíràn á kú. Èyí tó bá yè lè di adití, tàbí kí ọwọ́ àtẹsẹ̀ rẹ̀ máa lọ́ fúnra wọn títí ayé. Fún ọmọ bíi tiwa yìí, tó bá ti ń súnmọ́ 20, a ti ń sọ̀rọ̀ pàṣípààrọ̀ ẹ̀jẹ̀ nìyẹn.

Ẹ̀jẹ̀ ìyá, O. Ti ọmọ, O. Kì í ṣe pé ẹ̀jẹ̀ àwọn méjèèjì ń bára jà. PCV rẹ̀, ìyẹn ìwọ̀n sẹ́ẹ̀lì pupa inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, jẹ́ 43, èyí tí kò burú.

Dókítà wá mú fọ́ọ̀mù rẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló ṣe fọ́ọ̀mù náà nígbà tó dé, gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ ọ́, ìlà kan sì wà níbẹ̀ tó bèèrè àgbo, róòbù, àti kánfọ̀, orúkọ ìwé tí kánfọ̀ ń jẹ́ ni wọ́n sì kọ síbẹ̀: naphthalene. Ìdí tó fi wà níbẹ̀ ni G6PD. Ẹ̀jẹ̀ ní nǹkan kan nínú tó ń dáàbò bò ó kí àwọn ohun líle má bàa fọ́ ọ. G6PD ni wọ́n ń pè é. Àwọn kan wà tí tiwọn kò tó láti inú oyún wá. Ọkùnrin ló pọ̀ jù nínú wọn, nítorí ara ìyá ni wọ́n ti ń jogún rẹ̀. Ní ilẹ̀ wa, nǹkan bí ọkùnrin kan nínú márùn-ún ni. Ọ̀pọ̀ wọn á dàgbà, wọn á bímọ, wọn á darúgbó, wọn ò ní mọ̀. Ṣùgbọ́n bí ìkókó bẹ́ẹ̀ bá fara kan kánfọ̀, tàbí tó ṣáà ń fà á símú, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ á máa fọ́ wẹ́ẹ́wẹ́ẹ́, ẹ̀dọ̀ kò sì ní lè bá a.

Mo bi wọ́n bó ṣe wà lórí fọ́ọ̀mù.

"Màmá, ṣé ẹ fún ọmọ lágbo?"

"Rárá."

"Ṣé ẹ fi róòbù pa á lára?"

"Ìkókó? Rárá o."

"Ṣé ẹ fi kánfọ̀ sí i lára?"

Ìyá àgbà wò mí bí ẹni pé orí mi ti dàrú. "Ta ní í fi káfúrà sí ọmọ lára?"

Mo yíjú sí dókítà, mo ní wọn kò lo ìkankan. Ó fi kálámù fa ìlà sí i. Mo ṣì ní fọ́ọ̀mù yẹn. Ọwọ́ rẹ̀ ló fa ìlà náà, ẹnu mi ló fà á.

Ìhòòhò

Abẹ́ iná búlúù ni a gbé ọmọ sí. A bọ́ gbogbo aṣọ rẹ̀, ó ku ìlédìí nìkan, a fi òwú bo ojú rẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ náà ló ń yí bílírúbìn inú awọ padà kí ara lè lé e jáde nínú ìgbẹ́ àti ìtọ̀. Ìyá rẹ̀ ń fún ọmú sínú ife, à ń fi ọ̀pá rọ́bà gbé e sí i nínú. Ní Ìṣẹ́gun, 15.8. Ní Ọjọ́rú, 11.9. Ọmọ lajú, ó gba ọmú. Gbogbo wọ́ọ̀dù ń yọ̀. A pa iná.

Ní alẹ́ Ìṣẹ́gun yẹn ni Dókítà Pẹ̀lẹ́ sọ ìtàn kan fún mi nígbà tí à ń mu kọfí. Ó ní nọ́ọ̀sì ló kọ́kọ́ rí i pé ìmọ́lẹ̀ ń wo àrùn yìí. Sístà Ward ni wọ́n ń pè é, ilé ìwòsàn Rochford ní Essex ló ti ń ṣiṣẹ́, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ó fẹ́ràn kó máa gbé àwọn ìkókó jáde síta oòrùn, àwọn ọ̀gá rẹ̀ kò sì fi bẹ́ẹ̀ fẹ́ ẹ. Lọ́jọ́ kan ní 1956, ó gbé ọmọ kan fún dókítà wò: gbogbo ara ọmọ náà ti mọ́, àfi ibì kan tó ṣẹ́kù tó pọ́n fòò. Ibẹ̀ ni etí aṣọ bẹ́ẹ̀dì bò mọ́lẹ̀ tí oòrùn kò fi kàn án. Ọdún 1958 ni àwọn dókítà ibẹ̀ kọ ọ́ jáde.

Mo rẹ́rìn-ín, mo ní nọ́ọ̀sì ni wá níbi gbogbo. Aṣọ wà nínú ìtàn tí à ń sọ, aṣọ wà lára èmi tí mò ń gbọ́ ọ, kò sẹ́ni tó rí nǹkan kan níbẹ̀.

Bí a ṣe pa iná ní Ọjọ́rú ni ìyá àgbà tú ẹrù tó gbé wá láti ilé. Fìlà ìkókó, ẹ̀wù mẹ́ta, ìbọ̀sẹ̀, àwọn aṣọ tí ọmọ àkọ́kọ́ lò. Ọyẹ́ ń jà. Wọ́n di ọmọ náà bí ẹ̀kọ.

Ọjọ́bọ̀, 16.7.

Ó máa ń gòkè díẹ̀ lẹ́yìn tí a bá pa iná, a mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ìkan, ìkan àbọ̀. Kì í ṣe márùn-ún. PCV ti sọ̀ kalẹ̀ sí 36. A dá ọmọ padà sábẹ́ iná, a bọ́ ọ sí ìhòòhò, ó sì dúró síbẹ̀, kò gòkè mọ́, kò kúkú sọ̀. Dókítà rò pé kòkòrò ti wọ inú ẹ̀jẹ̀. Ó fa ẹ̀jẹ̀ fún ìdánwò, ó bẹ̀rẹ̀ abẹ́rẹ́ méjì tí a máa ń fún ìkókó. Ó tọ́ bẹ́ẹ̀, èmi náà á ṣe bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ohun mìíràn tún wà lọ́kàn rẹ̀.

Ó pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ní kí n sọ fún ìyá àgbà pé ẹnìkan ń fún ọmọ yìí ní nǹkan, kí ó jọ̀wọ́ sọ òtítọ́.

Mo mọ bí ọ̀rọ̀ yẹn á ṣe dún létí àgbàlagbà. Mo kúnlẹ̀, mo ní, "Màmá, ẹ má bínú, dókítà ní bóyá nǹkan kékeré kan wà tí a gbàgbé."

Wọ́n ò wo èmi, dókítà ni wọ́n ń wò. "Nọ́ọ̀sì, ọmọ mi, má fi epo pa á fún mi. Ojú ẹ̀ ti sọ ọ́." Wọ́n ká ọwọ́ sórí. "Ṣé kí èmi bí bàbá ẹ̀, kí n wẹ̀ ẹ́, kí n pọ̀n ọ́n, kí n wá pa ọmọ ẹ̀? Ẹ bá mi bi í."

Mi ò bi í. Dókítà ní "pẹ̀lẹ́". Lọ́jọ́ yẹn, ọ̀rọ̀ náà kò bá a mu rárá, ìyá àgbà sì jáde lọ jókòó sábẹ́ igi máńgòrò títí ilẹ̀ fi ṣú. Ìyá ọmọ kò sọ nǹkan kan. Òun ló wà láàrin: ìyá ọkọ níta, dókítà nínú, ọmọ lábẹ́ iná.

Ọjọ́ kẹjọ

Mùsùlùmí ni wọ́n. Wọ́n ti ra àgbò. Bàbá ọmọ, tó ń wa ọkọ̀ èrò lọ sí Ìlọrin, bi mí bóyá wọ́n lè dá ọmọ sílẹ̀ fún wákàtí méjì péré. Mo ní kò ṣe é ṣe. Ó kàn mi orí. Wọ́n ṣe ìsọmọlórúkọ nílé láìsí ọmọ, lẹ́yìn náà òun àti ìyá rẹ̀ wá sí wọ́ọ̀dù. Ó bẹ̀rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó pe ìrun sí ọmọ létí ọ̀tún, ó pe orúkọ rẹ̀. Mo ti rí ìsọmọlórúkọ tó ní tẹ̀ńtì, ìlù àti ìrẹsì jọlọ́ọ̀fù. Kò sí èyí tó wọ̀ mí lára tó bẹ́ẹ̀.

Ìyá àgbà wá mú òfì kan jáde nínú báàgì. Òfì àtijọ́ ni, sányán gidi, tí wọ́n fi kó bàbá ọmọ jáde, tí wọ́n sì fi kó ẹ̀gbọ́n ọmọ yìí jáde. Wọ́n ní bí ọmọ ò bá lè dé ibi ayẹyẹ, ó kéré tán, kí aṣọ ìdílé kàn án lára. Òfin wọ́ọ̀dù wa ni pé a kì í gba aṣọ tó wúwo sí ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Mo wo dókítà. Inú rẹ̀ kò dùn sí ọ̀rọ̀ àná, mo rí i lójú rẹ̀. Ó ní, "Aṣọ lásán ni. Jẹ́ kí wọ́n fi í sílẹ̀ níbẹ̀."

Iná lọ láago mọ́kànlá alẹ́. Jẹnẹrétọ̀ gbé e fún wákàtí méjì, epo tán. Kọ́kọ́rọ́ ibi tí wọ́n ń kó epo sí wà lọ́wọ́ ẹnìkan tó ti lọ sí ìnáwó ní Ìlọrin. (Mi ò ní sọ̀rọ̀ lórí ìyẹn. Mo ti sọ ọ́ níbi tó yẹ kí n ti sọ ọ́, wọ́n sì ti gé kọ́kọ́rọ́ kejì.) Ó dùn mí jù nítorí pé ìlú wa níbí gan-an ni wọ́n ti dán oòrùn wò fún àwọn ìkókó tó pọ́n, abẹ́ ìbòrí tí wọ́n fi fíìmù ṣe, tó ń sẹ́ èyí tó lè jó ọmọ lára kúrò, tó ń jẹ́ kí èyí tó ń wo àrùn kọjá, àbájáde rẹ̀ jáde ní 2018, oòrùn sì ṣe dáadáa. Ṣùgbọ́n aago kan òru ni.

Ara ọmọ ń tutù. Dókítà Pẹ̀lẹ́ ti fi tọ́ọ̀ṣì kékeré dè síwájú orí, ó ṣe ohun tí ìwé wí: ó tú àyà ìyá, ó fi ọmọ lé e, ara sí ara. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó wá ohun tó lè bo àwọn méjèèjì. Òfì ló wà nítòsí. Òun fúnra rẹ̀ ló fi bò wọ́n. Èmi ni mo ká etí rẹ̀ wọlé sẹ́yìn ọrùn ọmọ kí atẹ́gùn má bàa wọ ibẹ̀. Ó gbóná nínú rẹ̀ títí di aago mẹ́fà ku ogún ìṣẹ́jú, tí iná dé.

Imú

Ní àárọ̀ Àbámẹ́ta, igbe ọmọ ti yí padà. Ẹni tó bá ti gbọ́ igbe yẹn rí kò ní ṣì í mọ́. Ó tínrín, ó ga, bí igbe ẹyẹ. Ó ń na ọrùn sẹ́yìn. Ìlédìí rẹ̀ ní ìtọ̀ tó dúdú bíi kóòkì. Bílírúbìn, 24.1. PCV, 29.

Pàṣípààrọ̀ ni. Bàbá ọmọ ti sáré lọ wá ẹ̀jẹ̀ O. Mo ń to abẹ́rẹ́ àti ọ̀pá rọ́bà sórí tábìlì, mo sì ń tú ọmọ kúrò nínú òfì, nígbà tí dókítà tẹ̀ síwájú láti gbà á. Kò tíì wọ ìbòmú. Ó dúró, ó fa èémí, ó wí bí ẹni tó ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀ pé òórùn yìí lòun máa rántí tóun bá padà sílé.

"Òórùn wo?"

"Òórùn aṣọ yín."

Mo ní mi ò gbóòórùn nǹkan kan.

Ó ní láti ọjọ́ tóun ti dé ni. Níbi ìgbéyàwó tí wọ́n pe òun sí, nínú ṣọ́ọ̀ṣì, lára àwọn ìyá tó bá mú aṣọ tó dára wọ̀. Ó ní òun rò pé aró ni, tàbí ọṣẹ kan tí a máa ń lò. Ó nawọ́, ó fa etí súẹ́tà mi mọ́ imú. "Ìwọ náà ní in."

Ẹ̀yin náà á ti mọ ohun tó ń wí. Èmi, ó gbà mí ní ìṣẹ́jú kan. Mo gbé òfì náà, mo fi di imú. Ńṣe ló dà bí ìgbà tí èèyàn bá ṣí àpótí ìyá rẹ̀.

"Kánfọ̀," mo ní.

Kò yé e. Mo sáré sí báàgì mi. Mo ra ọ̀rá kan ní ọjọ́ ọjà tó kọjá, funfun roboto-roboto, kò tíì délé. Ó ka ohun tí wọ́n kọ sára ọ̀rá náà. Ó kà á lẹ́ẹ̀kejì. Ó jókòó sórí àga tí a máa ń gbé ìgò omi lé.

Lẹ́yìn náà ló ṣàlàyé fún mi. Ní ilẹ̀ Yúróòpù, wọ́n ti fòfin de irú kánfọ̀ yìí láti 2008. Nílé wọn, igi olóòórùn ni ìyá rẹ̀ ń fi sáàárín aṣọ. Kò gbóòórùn rẹ̀ rí láyé rẹ̀ àfi nígbà tó dé Ògbómọ̀ṣọ́. Ó mọ orúkọ rẹ̀, ó mọ ohun tó ń ṣe sí ẹ̀jẹ̀, ó kọ ọ́ sórí fọ́ọ̀mù pẹ̀lú ọwọ́ ara rẹ̀. Ó sì ti fi oṣù mẹ́ta gbé inú òórùn náà, ó ń pè é ní òórùn wa. Èmi wá mọ òórùn náà láti kékeré, débi pé imú mi ti kú sí i.

Kò sí àyè fún ọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó kọ́kọ́ fa ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ pamọ́ fún ìdánwò G6PD kí a tó fọwọ́ kan nǹkan kan, torí lẹ́yìn pàṣípààrọ̀, ẹ̀jẹ̀ ẹlòmíràn ni èèyàn máa ń dán wò. A lé gbogbo aṣọ jáde nínú yàrá, títí kan súẹ́tà mi. Ó fi ọ̀pá rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ gba inú ìwọ́ ọmọ wọlé. Mílílítà 15 jáde, mílílítà 15 wọlé. Èmi ni mò ń kà, tí mò ń kọ ọ́ sílẹ̀: jáde, wọlé, jáde, wọlé, ìgbà mẹ́tàlélọ́gbọ̀n, nǹkan bíi mílílítà 500 lápapọ̀. Ó gbà wá ní wákàtí méjì ó dín díẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ tó kọ́kọ́ ń jáde dà bí ọtí àmúlùmálà. Nígbà tó fi di ìkẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, ó ti ń dà bí ẹ̀jẹ̀. Ní ìrọ̀lẹ́, bílírúbìn ti di 12.6. Ó gòkè sí 14 lóru, a gbé e padà sábẹ́ iná, ó sì sọ̀, kò tún gòkè mọ́.

Èmi ni mo lọ bá ìyá àgbà. Mo kúnlẹ̀ sábẹ́ igi máńgòrò yẹn. Lọ́tẹ̀ yìí mi ò bèèrè bóyá wọ́n fi káfúrà sí ọmọ lára.

"Màmá, níbo lẹ kó aṣọ ọmọ sí kí wọ́n tó bí i?"

"Inú àpótí mi ni."

"Kí ni ẹ máa ń fi sínú àpótí náà?"

Wọ́n ti ń dáhùn nígbà tí ọ̀rọ̀ náà yé wọn. Wọ́n fi ọwọ́ bo ẹnu. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbé ọmọ dé láti ilé ìgbẹ̀bí ni wọ́n ti ń fi aṣọ inú àpótí yẹn wọ̀ ọ́. Bí a bá bọ́ ọ sí ìhòòhò lábẹ́ iná, ara rẹ̀ á yá. Bí a bá wọṣọ fún un, a tún ti dá a padà sínú rẹ̀. Mo ṣì máa ń ro ó: 11.9 ọjọ́ Ọjọ́rú yẹn, ìwọ̀n wo nínú rẹ̀ ni iṣẹ́ iná, ìwọ̀n wo ni iṣẹ́ ìhòòhò?

Dókítà Pẹ̀lẹ́ wá bá wa níbẹ̀. Ó kúnlẹ̀, orúnkún méjèèjì nínú iyẹ̀pẹ̀, ó ní kí n sọ fún wọn pé òun ló fi òfì bo ọmọ lóru, àti pé òun ṣẹ̀ wọ́n lọ́jọ́ Ọjọ́bọ̀. Mi ò fi epo pa èyí. Bó ṣe sọ ọ́ ni mo sọ ọ́. Ìyá àgbà fa ọwọ́ rẹ̀ sókè. "Dìde. Òyìnbó kì í pẹ́ nílẹ̀, eékún á dùn ún." Ó bi mí lẹ́yìn náà ohun tí wọ́n wí. Mo ní wọ́n ní kò sí nǹkan.

Lẹ́yìn ìgbà náà

Ìdánwò G6PD dé lọ́sẹ̀ kejì: kò tó rárá. Èyí tí wọ́n fi wá kòkòrò nínú ẹ̀jẹ̀ kò rí nǹkan. Ọmọ lọ sílé lọ́jọ́ kẹrìndínlógún. A kọ ìwé fún ìyá rẹ̀, gẹ̀ẹ́sì lójú kan, Yorùbá lójú kejì, tó sọ ohun tí ọmọ kò gbọ́dọ̀ fara kàn àti àwọn oògùn tí wọn kò gbọ́dọ̀ fún un. Pàtàkì nínú wọn ni àwọn oògùn tó ní sọ́fà (sulfa) nínú. Ó fi rọ́bà bo ìwé náà, ó fi sínú àpò kan náà pẹ̀lú káàdì abẹ́rẹ́ àjẹsára. Ẹ̀gbọ́n ọmọ, obìnrin ni. Aṣọ kan náà ló lò, ohunkóhun kò ṣe é. Ìyá àgbà kò lóye ìyẹn fún ọjọ́ pípẹ́, n kò sì dá wọn lẹ́bi.

Etí ló kù. Nígbà tó pé oṣù mẹ́ta, ó ń yíjú sí ohùn ìyá àgbà, ó máa ń ta gìrì bí ilẹ̀kùn bá gbá, ṣùgbọ́n bí ọmọ bá ta gìrì, ìyẹn kò tíì tó ìdánwò. A kọ ìwé fún wọn sí Ìbàdàn. Wọ́n ti lọ lẹ́ẹ̀kan, ẹ̀rọ kò ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ yẹn, wọ́n fún wọn ní ọjọ́ mìíràn. Owó ọkọ̀ lọ sí Ìbàdàn kì í ṣe kékeré fún ẹni tó ta fóònù láti ra ẹ̀jẹ̀.

Ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀lé pàṣípààrọ̀ náà, èmi àti dókítà rin wọ́ọ̀dù ká, bẹ́ẹ̀dì kan dé èkejì, à ń fi aṣọ àwọn ìkókó di imú. Àwọn ìyá ọlọ́mọ rò pé orí wa ti yí. Aṣọ ọmọ mẹ́rin ni a ní kí wọ́n kó padà sílé, kí wọ́n fọ̀ ọ́, kí wọ́n sá a sóòrùn fún ọjọ́ púpọ̀ kó tó kan ọmọ. Òun ló ń gbóòórùn rẹ̀ kí èmi tó gbọ́ ọ. Mo kó kánfọ̀ kúrò nílé mi ní alẹ́ ọjọ́ yẹn. Ó gbà mí tó oṣù kan kí imú mi tó jí.

Kí ó tó padà sí Jámánì, ó ní kí n tún fọ́ọ̀mù náà kọ. Mo fi Yorùbá kọ ọ́. Mo yọ "ṣé ẹ fi kánfọ̀ sí ọmọ lára" kúrò, mo kọ ohun tí mo bi ìyá àgbà sí ipò rẹ̀. Ọmọ àkọ́kọ́ tí a lò ó fún, obìnrin kan láti Arówómọlé ló bí i, ọmọ ọjọ́ mẹ́ta, ojú rẹ̀ ti ń pọ́n díẹ̀díẹ̀.

"Ìyá ọmọ, níbo lẹ kó aṣọ ọmọ sí kí ẹ tó bí i?"

"Nínú àpótí ìyá ọkọ mi, Nọ́ọ̀sì."

Mo ní kó bọ́ ọ fún mi ná.